Àyẹ̀wò Ní Kò Sí, Ìsàlẹ̀ Ikùn Ní Ó Wà

Ọ̀rá dúdú kan ni àbúrò ọ̀rẹ́ mi gbé wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé kan ní Ìbàdàn. Ó da ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì: ìwé èsì àyẹ̀wò mọ́kànlá, òmíràn ti ń ya níbi tí wọ́n ti ká a, òòtẹ̀ láàbù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà lára wọn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti bí ọmọ méjì, ọdún kẹta sì nìyẹn tí abẹ́ ìdodo rẹ̀ ti ń ro ó. Méje nínú ìwé náà ní kòkòrò kankan kò hù. Méjì ní sitáfù ló hù, ó sì hù yanturu. Méjì tó kù dárúkọ kandídà. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí wọn dáadáa. Ọ̀kan tó rí sitáfù àti ọ̀kan tí kò rí nǹkan kan, ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn?”

Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sinmi, mo sì ti kà nípa rẹ̀, mo ti bi dókítà léèrè, mo ti dúró ti òṣìṣẹ́ láàbù nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ náà dé rèé.

Irora abẹ́ ìdodo tó bá ti lò tó oṣù mẹ́fà tí kò lọ, irora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni àwọn dókítà ń kà á sí. Kò mọ akọ, kò mọ abo. Obìnrin á ní ó ń ro òun láti ìbàdí dé itan, ó ń ta òun bí òun bá ń tọ̀, ìbálòpọ̀ sì ti di ìyà. Ọkùnrin á ní àárín ìdí sí àpò kórópọ̀n ló ń ro òun bí ẹni tó jókòó lé òkúta, pé bí àtọ̀ bá ti jáde tán ló máa ń le jù. Mo mọ ẹnìkan tí kì í lè jókòó títí ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì á fi parí; ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí, àwọn èèyàn rò pé ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú èrò ni.

Níbí tiwa, orúkọ kan ṣoṣo la fún gbogbo rẹ̀: ìnfẹ́kíṣọ̀n. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ sí Ìwó Road á ti gbọ́ ìwàásù rẹ̀. Ọkùnrin kan á dìde lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́: “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, tí ìbàdí bá ń ro yín, tí ìtọ̀ bá ń ta yín, tí nǹkan bá ń rìn yín lára bí eèrà, tí ooru ń mú yín nínú, sitáfù ni!” Kí bọ́ọ̀sì tó dúró, ìgò mẹ́rin, márùn-ún ti lọ. Mi ò fi ọkùnrin náà ṣẹ̀sín. Ó ń dárúkọ ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn ní èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́ nílé, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀ ni mi ò fọwọ́ sí.

Orúkọ kejì ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kíṣọ̀n. Kòkòrò tó ń ba ilé ọmọ jẹ́ kì í gun orí àga ṣáláńgá wọ ara ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo rò pé àánú ló wà nínú orúkọ náà. Ìyàwó tí wọ́n bá sọ fún pé ó ní ìnfẹ́kíṣọ̀n, ohun tí ọkọ rẹ̀ á kọ́kọ́ bi í ni pé, “Níbo lo ti kó o?” Bí wọ́n bá ti fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì kún un, ṣáláńgá á ru ẹ̀bi, ilé á tòrò. Olùkọ́ wa yìí sọ fún mi pé fún oṣù mẹ́jọ ni ọkọ òun fi sùn sí pálọ̀ nítorí ìwé sitáfù àkọ́kọ́. Sitáfù kì í sì í ṣe àrùn tí ọkọ ń kó ran ìyàwó. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ara wọn le koko, bíi mẹ́ta ni kòkòrò náà ń gbé nínú imú wọn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó wà lára awọ, ó wà lọ́wọ́. Ọwọ́ tí a fi ṣí ike ìtọ̀ lè jù ú sínú rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan máa ń mú àpò ìtọ̀ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní tòótọ́, bí wọ́n bá sì rí sitáfù gan-an nínú ìtọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe, ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìyẹn. Ti ọlọ́jà bọ́ọ̀sì kò sí nínú méjèèjì.

Mo ní kí olùkọ́ wa ṣàlàyé fún mi bó ṣe gbé ìtọ̀ tó mú ìwé sitáfù yẹn wá dé láàbù. Ó ní aago méje òwúrọ̀ lòun tọ̀ sínú ike nílé, òun sọ ọ́ sínú báàgì, òun lọ kọ́ àwọn ọmọ títí di ìsinmi ọ̀sán kí òun tó ráyè gbé e lọ. Wákàtí márùn-ún nínú báàgì, nínú ooru Ìbàdàn! Kòkòrò mẹ́wàá tó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ láti ara awọ á ti di ọ̀kẹ́ àìmọye. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó fọ abẹ́ mọ́ kó tó tọ̀, pé kó jẹ́ kí èyí tó kọ́kọ́ jáde dà nù kó tó gba èyí tó tẹ̀ lé e, pé kó dé láàbù kó tó pé wákàtí méjì.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìtọ̀ náà ní láàbù kò ṣòro láti lóye. Àwo pẹlẹbẹ kan wà tí oúnjẹ kòkòrò dì sínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ ká bí òrùka bọ ìtọ̀ náà, wọ́n á fi fa ìlà sójú ẹ̀kọ yẹn, wọ́n á wá gbé e sínú àpótí tó móoru bí ara èèyàn, ìwọ̀n 37, di ọjọ́ kejì. Ohun tó bá hù ni wọ́n á kọ. Ohun tí kì í hù lórí irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ kò ní sí nínú ìwé wọn.

Àwọn tí kì í hù níbẹ̀ kò sì kéré. Kilamídíà kì í hù níbẹ̀ láéláé, nítorí inú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè nìkan ló lè hù. Mycoplasma genitalium, tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin méjì ní London ní 1980, kò sí láàbù lásán tó lè mú un hù. Àyẹ̀wò bíi PCR, tó ń wá àbùdá kòkòrò náà, ló ń rí i, 2019 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kòkòrò yìí kò ní ògiri lára, bẹ́ẹ̀ ògiri yẹn ni Ampiclox tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́mísìtì máa ń wó. Tirikomónásì, ìgbà tó ṣì ń yí ló yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Bí omi tí wọ́n gbà bá ti tutù, kò ní yí mọ́, ojú ò ní dá a mọ̀. Kòkòrò ikọ́ ife, tó lè fi ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ lọ jókòó sínú ilé ọmọ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi ń hù.

Èyí tó yẹ kó jẹ wá lógún jù níhìn-ín ni àtọ̀sí ajá. Ẹni tó bá dàgbà lẹ́bàá ìsédò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n: ọmọ á wẹ̀ lódò, kòkòrò inú ìgbín omi á gba awọ wọlé, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ jáde. Àwọn àgbà ti fojú di í débi pé ní àwọn abúlé kan, ọmọkùnrin tó tọ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó ti ń bàlágà. Nàìjíríà ni wọ́n ń dárúkọ pé ó ní aláìsàn rẹ̀ jù lọ láyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹyin kòkòrò náà lè há sí ẹnu ilé ọmọ àti ojú ara obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó máa fa irora, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara, tí ìtọ̀ rẹ̀ á sì mọ́ kedere. Obìnrin bẹ́ẹ̀ á gba àyẹ̀wò àtọ̀sí, á gba oògùn àtọ̀sí, wọ́n á bá a wí nípa ìwà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ odò tó wẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń bá a jà. Àfojúbù pé àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tó ní in ní ilẹ̀ Áfíríkà tó 56 mílíọ̀nù ni àwọn àjọ ìlera ń lò. Oògùn rẹ̀, praziquantel, kò wọ́n.

Ẹni tó bá ń sọ pé kòkòrò kan sá pamọ́ sí òun lára kò sọ ìsọkúsọ, nígbà náà. Ó tún ní ẹ̀rí míràn. Ní àwọn ọdún 1950 ni Edward Kass ní Boston fi ìwọ̀n 100,000 lélẹ̀: bí kòkòrò inú mílílítà ìtọ̀ kan kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí a má kà á sí ìnfẹ́kíṣọ̀n. Àwọn obìnrin tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn àti àwọn tí kò sí àmì lára wọn ló fi wọ̀n ọ́n. Ní 1982, Walter Stamm àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé fún obìnrin tí ìtọ̀ ń ta, 100 péré lè tó. Síbẹ̀ ìwọ̀n Kass ni ọ̀pọ̀ láàbù ṣì ń lò. Ní 2014 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Loyola ní Chicago tún gba ìtọ̀ obìnrin 65 tààrà láti inú àpò ìtọ̀ wọn, wọ́n gbìn ín sórí oríṣi oúnjẹ kòkòrò púpọ̀, wọ́n fún un láyè pẹ́. Nǹkan hù nínú 52. Nínú 52 yẹn, láàbù ilé ìwòsàn ti kọ ọ́ lórí 48 pé kò sí ohun tó hù.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń gbé nọ́ńbà yìí kiri bí àṣẹ ilé ẹjọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti pè ní alásọdùn fún ọdún mẹ́wàá ló rí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á parí: àwọn tí ìtọ̀ kò yọ lẹ́nu rárá wà lára obìnrin 65 yẹn, kòkòrò sì hù nínú ìtọ̀ àwọn náà. Ohun tí iṣẹ́ náà wó lulẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àtijọ́ pé àpò ìtọ̀ ẹni tó lera mọ́ tónítóní. Kò sọ pé kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ ló ń fa irora.

Ní London, Ọ̀jọ̀gbọ́n James Malone-Lee gbà pé òun mọ ohun tí yóò ṣe. Ó fún àwọn obìnrin tí àyẹ̀wò wọn mọ́ ní oògùn apakòkòrò fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì tẹ ìròyìn obìnrin 624 jáde ní 2018: ìtọ́jú wọn ju ọdún kan lọ ní ìpíndọ́gba, ọ̀pọ̀ ní ara tu àwọn. Ṣáájú èyí, ní 2015, wọ́n ti dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró nítorí ewu oògùn. Àwọn aláìsàn rẹ̀ gba agbẹjọ́rò, wọ́n jà títí wọ́n fi tún un ṣí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìjà yẹn. Síbẹ̀ ohun kan ń kọ mí lóminú nínú ìròyìn náà: kò sí àwọn tó gba oògùn lásán, èyí tí kò ní agbára kankan nínú, tí a lè fi wọ́n wé. Irora yìí máa ń le, ó máa ń rọ̀, ìgbà tó le jù sì ni èèyàn máa ń sáré lọ gba oògùn.

Àwọn ọkùnrin ní tiwọn ti rí ìfiwéra bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin tí abẹ́ ìdí bá ń ro, pírọ́sítéètì rẹ̀ ló ní ìnfẹ́kíṣọ̀n, apakòkòrò Cipro ni oògùn rẹ̀. Ní 1995 ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tún un pín, wọ́n sì gbà pé nínú ọkùnrin mẹ́wàá tó ní irora yìí, ó ń lọ sí mẹ́sàn-án tí wọn kò rí kòkòrò lára wọn. Ìwádìí tó jáde ní 2004 kó ọkùnrin 196 jọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi lò ó, àwọn kan lo Cipro, àwọn kan lo tamsulosin tí kì í ṣe apakòkòrò, àwọn kan lo méjèèjì, àwọn kan lo oògùn lásán. Cipro kò ju oògùn lásán lọ. Ẹjọ́ tí àwọn alátakò rò kò burú: àwọn ọkùnrin náà ti jìyà fún ọdún pípẹ́, wọ́n sì ti gbé apakòkòrò mì láìmọye kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Bóyá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á yàtọ̀. Ẹni tó bá ti lo Cipro lẹ́ẹ̀mẹta láìsàn ló yẹ kó ronú jinlẹ̀ kó tó ra ti ẹ̀ẹ̀kẹrin, nítorí láti 2008 ni àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà ti kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ pé ó lè já iṣan gìgísẹ̀, ní 2016 wọ́n tún ní kí a má fi í ṣe ohun àkọ́lò fún ìnfẹ́kíṣọ̀n ìtọ̀ tí kò le. Ní kẹ́mísìtì wa, ẹ̀gbẹ́ bisikíìtì ló ń gbé.

“Ṣùgbọ́n ara máa ń tù mí tí mo bá lò ó,” olùkọ́ wa wí. Mo gbà á gbọ́. Àwọn apakòkòrò kan, doxycycline pàápàá, máa ń pa iná wíwú lára láìjẹ́ pé wọ́n pa kòkòrò kankan. Ìtura yẹn kò lè jẹ́rìí.

Àwa aláwọ̀ dúdú ní ìtàn tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yí ẹjọ́ náà padà. Endometriosis ni kí ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ máa hù níta ilé ọmọ, kó máa wú, kó máa ro. Obìnrin bíi 190 mílíọ̀nù ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ní in. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà pé obìnrin dúdú kì í sábà ní in. Bí obìnrin dúdú bá mú irora ìsàlẹ̀ ikùn wá, ìnfẹ́kíṣọ̀n ni wọ́n ń kọ sí ìwé rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń rò nípa ìbálòpọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ní 1976 ni Donald Chatman, dókítà aláwọ̀ dúdú ní Chicago, kọ ọ́ síta pé òun fi kámẹ́rà wo inú àwọn obìnrin dúdú, òun sì rí endometriosis nínú àwọn kan lára wọn. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé ìnfẹ́kíṣọ̀n ni. Bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, mo ń rí irú ìwé yẹn nínú ọ̀rá dúdú ní Ìbàdàn.

Ẹ má gbà mí sí pé kí a má bẹ̀rù ìnfẹ́kíṣọ̀n. Lars Weström ní Sweden tẹ̀ lé àwọn obìnrin tí ìnfẹ́kíṣọ̀n ti mú ọ̀nà ẹyin wọn: ìgbà kan ṣoṣo sọ bíi 8 nínú 100 di àgàn, ìgbà méjì sọ bíi 20, ìgbà mẹ́ta sọ 40. Ìdí nìyẹn tí dókítà gidi kì í fi í dúró de èsì láàbù bí irora bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ibà wà, tí ilé ọmọ sì ń dun obìnrin bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n á fún un ní oògùn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fún ọkọ náà. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe, tàbí tí kò bá rí nǹkan oṣù tí ẹ̀gbẹ́ kan sì ń gún un, tàbí ọkùnrin tí ibà mú tí kò lè tọ̀, ilé ìwòsàn ni kó lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó má dúró de ọlọ́jà bọ́ọ̀sì.

Irora kan tún wà tí kò sí kòkòrò nídìí rẹ̀ mọ́, bóyá ó fìgbà kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọṣán gángan mọ́ abíyá, ìlù kan náà ni, kọ̀ǹgọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á lọ sókè. Báyìí ni iṣan ìmọ̀lára ṣe ń rí lẹ́yìn irora ọlọ́jọ́ pípẹ́: ìtọ̀ díẹ̀ nínú àpò á máa dùn bí ọgbẹ́, ẹran tó gbé ìsàlẹ̀ ìbàdí ró á há bí ìkúùkù tí a kò tú. Orí kọ́ ni èèyàn ti ń rò ó. Ara rẹ̀ ni. Ìwé orúkọ àrùn tuntun ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022, ti ka irú irora bẹ́ẹ̀ sí àìsàn fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì tó mọ bí a ṣe ń tú ẹran yẹn sílẹ̀ wà, wọn kò pọ̀ níbí. Oògùn iṣan kì í ṣe idán: nínú ìwádìí obìnrin 306 tó jáde ní Bìrìtéènì ní 2020, gabapentin kò ju oògùn lásán lọ.

Nígbà tí olùkọ́ wa tún padà wá, ó ní dókítà obìnrin kan ti wo gbogbo ìwé mọ́kànlá náà, ó wá bi òun ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi òun láti ọdún mẹ́ta: “Ọjọ́ wo nínú oṣù ló máa ń ro yín jù, Màámi?” Kò mọ̀ ọ́n. Dókítà ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi ìwé iṣẹ́ àmúrelé kan tó ṣẹ́kù ní kíláàsì hàn mí, pẹ́ńsù pupa ló fi fa ìlà sí i, bó ṣe máa ń fà á fún àwọn ọmọ. Oṣù mẹ́ta. Nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, àmì pupa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú nǹkan oṣù, ó sì parí ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá.

Kò tíì sẹ́ni tó fún un ní orúkọ àìsàn kankan. Wọ́n ti fún un ní ọjọ́ tí wọn yóò gba ẹ̀bá ìdodo ti kámẹ́rà wọ inú rẹ̀, ó ń tọ́jú owó rẹ̀ lọ́wọ́. Apakòkòrò kò sí nínú báàgì rẹ̀ mọ́, ọkọ rẹ̀ sì ti kúrò ní pálọ̀.